Ọ́síjìn Tó Ń Gbé Ẹ̀mí Ró, Tó Sì Ń Jẹ Ara Díẹ̀díẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ìpàdé ọlọ́dọọdún àwọn onílé àti ayálégbé ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

 

Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ gbé lé olùbánisọ̀rọ̀ òní lọ́wọ́ ni pé kó ṣàlàyé bí ìṣesí ojoojúmọ́ ṣe kan ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní oxidative stress lára àgbàlagbà. Nínú gbọ̀ngàn yìí, ìpalára ọ́síjìn ni a ó máa pè é. Ó jọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà ní yunifásítì nìkan, ṣùgbọ́n ibi ìdáná, ẹ̀yìnkùlé tí jẹnẹrétọ̀ wà, ìsọ̀ onísùyà àti orí ibùsùn ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Ẹni tó bá gun òkè Mọ́kọ́lá dé ẹ̀gbẹ́ Premier Hotel, tó wá bojú wo ìsàlẹ̀ lọ sí apá Dùgbẹ̀, yóò rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ àti omi òjò ló pawọ́ pọ̀ sọ páànù dà bẹ́ẹ̀. Ọ́síjìn yẹn kan náà là ń mí sínú. Bí ènìyàn tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ tí kò gbé nǹkan kan, ara rẹ̀ á ṣì máa lo nǹkan bí mìlílítà 250 rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kó lè fi sọ oúnjẹ di agbára. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á di omi, kò sì sí ìjà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ a máa yà kúrò lójú ọ̀nà, a di èérún tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, tó ń já nǹkan gbà lára ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọn: ọ̀rá inú awọ sẹ́ẹ̀lì, purotéènì, títí dé orí DNA tí a jogún lọ́dọ̀ òbí. Ẹ jẹ́ kí á pe àwọn èérún wọ̀nyí ní aṣèpalára.

 Ní 1956, Denham Harman, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn aṣèpalára yìí wà lára ohun tó ń sọ ènìyàn di arúgbó. Àmọ́ ara náà ò káwọ́ gbera: ní 1969, Joe McCord àti Irwin Fridovich ní yunifásítì Duke ṣàwárí pé ara fúnra rẹ̀ ń pèsè èròjà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tu àwọn aṣèpalára lójú lọ. Irú èròjà adènà bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ara, àwọn kan sì ń ti inú oúnjẹ wá. Helmut Sies, ọmọ Jámánì, ló wá fún ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ tí gbogbo ayé ń lò láti 1985: ìpalára ọ́síjìn ni ìgbà tí aṣèpalára bá ti borí adènà.

Wọn kì í ṣe ọ̀tá pátápátá o. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ a máa mọ̀ọ́mọ̀ pèsè wọn láti fi pa kòkòrò àrùn. Orí ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ìwọ̀n bá ń fì sápá kan lójoojúmọ́ fún ọdún 10, fún ọdún 20, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn ti bà jẹ́ a lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ a sì máa há. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ìró rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ìwádìí tó ti ọ̀dọ̀ wa jáde

Láti Mọ́kọ́lá dé ilé ìwòsàn UCH, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì le á fẹsẹ̀ rìn ín gba ojú ọ̀nà Queen Elizabeth. Láti 1957 ni ilé ìwòsàn náà ti ń gba aláìsàn. Ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí, onímọ̀ nípa àrùn ọpọlọ, tó kó àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti Nàìjíríà àti Ghana fún ìwádìí tí wọ́n sọ ní SIREN. Láàárín 2014 sí 2017, wọ́n kó ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ kọ lù jọ, wọ́n sì wá 2,118 mìíràn tí kò ní in, tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, tí ọkùnrin bá ọkùnrin dọ́gba, tí obìnrin bá obìnrin dọ́gba, tí ẹ̀yà wọn sì bára mu. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n wọn ìbàdí wọn, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń gbé ayé wọn. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet Global Health gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018.

Nǹkan 11 ni wọ́n rí tí ènìyàn lè wá nǹkan ṣe sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú, ó sì fi àwọn tó kù sílẹ̀ jìnnà réré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rá àpọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, ikùn ńlá, àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn, ẹran jíjẹ ní gbogbo ìgbà, iyọ̀ tí à ń bù sórí oúnjẹ tó ti délẹ̀, ìdààmú ọkàn, àìfarasíṣẹ́, sìgá, àti àìjẹ ewébẹ̀ tútù. Tí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, wọ́n gbé ohun tó lé ní ìdá 98 nínú ìdá 100 ewu rọpárọsẹ̀ tí wọ́n rí.

Ẹ jẹ́ kí á dúró lórí ewébẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìtìjú wa wà. Àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́, ewu tiwọn lé ní ìlọ́po méjì ti àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń bá wa sọ èyí, níbi tí tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro àti ewédú ti ń wọ ọjà Bódìjà láràárọ̀, tí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì ń kiri kọjá lẹ́nu ọ̀nà. A ń jẹ ẹ̀fọ́, lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo àwo òde àríyá: ìrẹsì, ẹran méjì, mọ́ínmọ́ín, ewé kankan ò sí níbẹ̀ àfi èyí tí wọ́n fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ẹ wo ẹ̀fọ́ tí à ń sè nílé náà. Èròjà Vitamin C inú rẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi, ooru pípẹ́ sì máa ń bà á jẹ́. Ẹni tó bọ ẹ̀fọ́ tó fún un gbẹ, tó da omi rẹ̀ nù, tó wá gbé e padà sórí iná fún odidi wákàtí kan, okùn inú rẹ̀ ló kù tó ń jẹ. Kí ọbẹ̀ jinná tán kí á tó da ẹ̀fọ́ tí a ti fọ̀ mọ́ sí i, kó gbóná díẹ̀, kí á sọ ọ́ kalẹ̀: kò gba owó kankan.

Òótọ́ kan wà tó yẹ kí á sọ. Ìwádìí SIREN kò wọn aṣèpalára nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan kó tó sọ ohun tó sọ. Ìgbé ayé àwọn ènìyàn ló wò. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú nǹkan 11 yẹn, ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, sìgá, ọ̀rá àti ikùn ńlá, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ba ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ìpalára ọ́síjìn sì wà lójú ọ̀nà náà. Ìdí nìyẹn tí olùbánisọ̀rọ̀ yìí fi gbà pé SIREN ni ìwádìí tó wúlò jù fún àdúgbò yìí, ju ìwé ńlá tó ti òkè òkun wá lọ.

Èéfín

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, rírú ní í rú. Èéfín ibi ìdáná gan-an kò kàn ń rú lásán, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Èérún dúdú inú rẹ̀ kéré débi pé ó ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọ ẹ̀jẹ̀, ibi tó bá sì dé, aṣèpalára ló ń dá sílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Olópàdé, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Chicago, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn ti lọ wọn èéfín yìí nínú ilé ìdáná àwọn obìnrin tó ń fi igi dáná ní àwọn abúlé ilẹ̀ wa. Èérún tó wà nínú afẹ́fẹ́ níbẹ̀ lé ní maikirogíráàmù 1,400 nínú kúbíkì mítà afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá 15 ní ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n fún àwọn obìnrin náà ní ààrò tí kì í rú èéfín púpọ̀, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 130. Kò tíì dé ibi tó yẹ, àmọ́ ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá sí àárín Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Aláboyún 324 ni wọ́n pín sọ́nà méjì. Ìdajì ń bá igi tàbí kẹrosínì wọn lọ, ìdajì gba sítóòfù tó ń lo ethanol. Nígbà tí oyún dàgbà, ìdá 6.4 nínú ìdá 100 àwọn tó ń lo igi àti kẹrosínì ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ti àwọn tó ń lo ethanol kò ju ìdá 1.9 lọ. Irú obìnrin kan náà, ìlú kan náà, ọbẹ̀ kan náà. Iná abẹ́ ìkòkò nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ wa rò pé kẹrosínì sàn ju igi lọ nítorí pé èéfín rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ta sójú, ṣùgbọ́n inú ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ìwádìí yẹn kó o sí.

Níbí yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wàásù fún ìyá tó ń fi igi dáná. Gáàsì wọ́n, owó ò tó, kò sẹ́ni tó fi ìfẹ́ inú yan èéfín. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ ni kí igi gbẹ dáadáa, kí ìdáná kúrò nínú yàrá tí a ń sùn, kí fèrèsé ṣí, kí ọmọ má máa sùn lẹ́yìn ìyá níwájú iná. Bákan náà ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ epo rẹ̀. Òróró tó ń jóná nínú rẹ̀ ló ń sọ èéfín rẹ̀ di aró. Kí ó jìnnà sí fèrèsé tẹni àti fèrèsé aládùúgbò. Afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ tí kò ní òórùn ti pa odidi ìdílé mọ́jú rí ní orílẹ̀-èdè yìí, ìyẹn kò sì dúró de ogún ọdún.

Inú agbada

Epo pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹbu wá jẹ́ ọ̀kan lára oúnjẹ tó kún fún èròjà adènà jù lọ láyé. Ohun tó sọ ọ́ di pupa ni carotenoid, tó máa ń tó mìlígíráàmù 500 sí 700 nínú kílò kan, èròjà Vitamin E sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ni a wá ń ṣe sí i? A ó gbé e kaná títí yóò fi rú èéfín tó ń lé gbogbo ará ilé jáde, títí yóò fi funfun. Àwọ̀ tó lọ yẹn, èròjà náà ló bá a lọ. Ọbẹ̀ ayamase tí a ń fi irú epo bẹ́ẹ̀ sè dùn, olùbánisọ̀rọ̀ yìí kò ní purọ́, kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́ mọ́ láé. Kó má kàn di oúnjẹ ojoojúmọ́. Epo pupa tí a kò sun pàápàá, ìwọ̀nba ni, nítorí nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá tó ń sé iṣan.

Òróró tí a ti fi dín dùndún lánàá, tí a fi dín àkàrà lónìí, tí a tún fẹ́ fi dín ẹja lọ́la, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ le. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbóná, ọ́síjìn ń bá a jà nínú agbada níbẹ̀. Bó bá ti dúdú, tó ń hó yẹẹ, tó ń rùn, àwọn èròjà aṣèpalára ti pọ̀ nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ìyá alákàrà mọ̀ ọ́n ju dókítà lọ, ojú rẹ̀ ló ń ta sí. Owó òróró ni kò jẹ́ kó dà á nù. Bí oníbàárà bá gbà láti fi owó díẹ̀ lé e kí òróró lè jẹ́ tuntun, ìlera tirẹ̀ náà ló rà.

Ti sùyà kò gùn. Ibi tó bá ti jó dúdú ni kí á gé sọnù. Àlùbọ́sà àti tòmátò tí wọ́n gé sórí rẹ̀ ló wúlò jù nínú ìwé tí wọ́n fi dì í, àwọn náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń dì pa mọ́ tí wọ́n ń sọ nù.

Sìgá, paraga, oorun

Sìgá ò nílò àlàyé: fífà kọ̀ọ̀kan ń tú àìmọye aṣèpalára sínú ẹ̀dọ̀fóró. Shisha tí àwọn ọ̀dọ́ ń fà lálẹ́ ní Bódìjà àti Ring Road pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé omi ń sẹ́ ẹ kò sàn jù ú lọ. Ìjókòó kan ṣoṣo lè mú kí ènìyàn fa èéfín tó pọ̀ tó ti sìgá 100.

Paraga ibùdókọ̀ ńkọ́? Ewé àti egbò inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀, ọtí líle ló gbé e ró. Bí ẹ̀dọ̀ bá ń tú ọtí palẹ̀, aṣèpalára ló ń dá sílẹ̀, á sì máa ná glutathione, olórí adènà tó wà nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀. Glutathione yìí náà ni ẹ̀dọ̀ ń lò láti fi tu oró parasitamọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń mu ọtí lójoojúmọ́, tó tún ń da parasitamọ́ọ̀lù mì ju ìwọ̀n lọ nítorí ara ríro, ń ná àpò kan náà lẹ́ẹ̀méjì. Tí wọ́n bá gbé ẹni tí parasitamọ́ọ̀lù ti ṣe lọ́ṣẹ́ dé ilé ìwòsàn, acetylcysteine ni wọ́n máa fún un, oògùn tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dá glutathione padà sí ẹ̀dọ̀.

Oorun náà kan ìwọ̀n adènà àti aṣèpalára: wákàtí 7 ló yẹ àgbàlagbà, ó kéré tán. Ariwo jẹnẹrétọ̀, bọ́ọ̀lù òru, ìṣọ́ òru àti fóònù ló ń pín in mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹsẹ̀, àti àwọn àgbà Ìdíkàn

Ìrìn yára, iṣẹ́ oko, ijó, gbogbo wọn ń mú kí ara lo ọ́síjìn sí i, aṣèpalára á sì pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń jí ara, tí yóò fi máa pèsè adènà tirẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ tó. Láti abẹ́ afárá Mọ́kọ́lá dé Sábó, ta ló ń fẹsẹ̀ rìn ín mọ́? Ọkọ̀ Micra la ń dúró dè.

Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntọ́kun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láàárín àwọn àgbà tó ti pé ọdún 65 ní Ìdíkàn, ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn ènìyàn dúdú ìlú Indianapolis. Ọ̀ṣúntọ́kun kú ní 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù ló tẹ̀síwájú nínú rẹ̀. Ní 2001, àbájáde jáde: láàárín ọdún kan, ìdá 1.35 nínú ìdá 100 àgbà Ìdíkàn ni àrùn ìgbàgbé ńlá ń mú, ti Indianapolis jẹ́ ìdá 3.24. Kò sí ẹni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tó fà á. Ohun tó hàn ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ lára àwọn ti Ìdíkàn bíi ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lókè òkun. Ìbéèrè tó yẹ kó ká wa lára ni bóyá àwa ọmọ wọn ṣì ń gbé irú ìgbé ayé yẹn.

Oògùn inú ike

Kò sí ọkọ̀ Sángo tàbí Òjòó tí olóògùn kì í wọ̀ nísinsìnyí. Á gbé ike sókè, á ní èyí ń fọ ẹ̀jẹ̀, ń mú arúgbó padà di ọ̀dọ́, antioxidant ló kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí: bí aṣèpalára bá jẹ́ ìṣòro, ẹ jẹ́ kí á ra adènà lọ́pọ̀.

Àwọn onímọ̀ náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ní Finland, wọ́n fún àwọn kan nínú ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ọkùnrin amusìgá tó wà nínú ìwádìí kan ní beta-carotene, èyí tó wà nínú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa, kí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lè dín kù. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, jẹjẹrẹ náà ti fi ìdá 18 nínú ìdá 100 pọ̀ sí i lára àwọn tó lo oògùn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ dúró lójijì ní 1996 nítorí ohun kan náà. Ní 2011, ti Vitamin E náà jáde: jẹjẹrẹ ẹ̀ṣọ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin (prostate) ló pọ̀ sí i. Ní 2009, Michael Ristow àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ti rí i pé àwọn ọkùnrin tó ń ṣe eré ìdárayá tí wọ́n sì ń lo oògùn Vitamin C àti E lọ́pọ̀ kò rí èrè eré náà gbà lára ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, nígbà tí àwọn tí kò lò ó rí i. Adènà tí wọ́n gbé mì ti dí iṣẹ́ tí ara ì bá fúnra rẹ̀ ṣe lọ́wọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ̀fọ́ kì í ṣe beta-carotene lásán. Nǹkan tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ike kan lè gbà lọ, ó sì ń wọ ara ní ìwọ̀n tí ara mọ̀. Ẹni tí dókítà bá rí i pé èròjà kan kù nínú ara rẹ̀, ó yẹ kó lo oògùn tí wọ́n kọ fún un. Ẹlòmíràn tó ń ra ike nínú ọkọ̀, kó ka ara ike náà dáadáa kó tó san owó: nọ́mbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lórí ọ̀pọ̀ egbòogi, ìlà kékeré kan tún wà lábẹ́ rẹ̀ tó sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ìlérí wọn wò. Kí ẹ kà á lóhùn òkè, kí gbogbo ọkọ̀ gbọ́.